Ibi Tó Sún Mọ́ Jù Lọ

Ihò kẹrìnlá, Ìkẹjà, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.
Kánáàlì ti kún kọjá èèkàn pupa,
omi rẹ̀ wá jókòó sórí koríko bí àlejò tí a ò pè,
bọ́ọ̀lù Ìmísí sì wà nínú rẹ̀, funfun, ó ń wò mí.

Mo dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn òbí yòókù.
Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ru báàgì nínú pápá yìí.
Mo ti sọ fún máníjà báǹkì pé, "Méje, ọ̀gá, ẹ má mú mẹ́jọ,"
mo ti sọ fún adájọ́ pé atẹ́gùn ń parọ́ fún un.
Wọ́n gbọ́, wọ́n gbá a, wọ́n fún mi lówó mọ́tò.
Lónìí, òfin ìdíje ní bí mo bá la ẹnu fún ọmọ tí mo bí,
gbígbá méjì ni wọn yóò fi kún tirẹ̀.
Mo fi eyín de ahọ́n.

Ṣẹ̀gílọlá, tí wọ́n jọ ń rìn, ní inú kánáàlì ni bọ́ọ̀lù wà,
kí ó san gbígbá kan, kí ó jáde.
Kò fi ìkà sọ ọ́. Ohun tó rí ló sọ: omi ni omi.
Ìmísí ò bá a jà. Ó na ọwọ́ sókè,
ó pe Ìyáàfin Ajọsẹ̀, rẹfirí, tó ń wọ́ bàtà òjò bọ̀.
"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ wo èèkàn.
Omi ló kọjá ààlà. Bọ́ọ̀lù mi ò kọjá."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fojú fa ìlà láti èèkàn kan dé èkejì,
bí ẹni ń wo ilẹ̀ tí ẹbí méjì ń dù.
"Omi òjò ni. Ìtura ọ̀fẹ́ ni.
Ṣùgbọ́n ibi tó sún mọ́ jù lọ ni o,
kì í ṣe ibi tó wù ọ́ jù lọ."

Ibi tó wù mí: ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ́jú, ó gbẹ, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré.
Ibi tó sún mọ́: ẹ̀yìn igi máńgòrò,
koríko tó mu ọmọ dé kókósẹ̀.

Òfin ní kí ó fi ọ̀pá rẹ̀ tó gùn jù wọn ilẹ̀.
Èyí tó gùn jù nínú báàgì Ìmísí,
èmi ni mo fi ayùn gé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá,
kí ó lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu.
Ó ti ga jù mí lọ báyìí. Ọ̀pá ò ga.
Ti Ṣẹ̀gílọlá ìbá fún un ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí i,
ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀ka máńgòrò parí sí.
Mo wolẹ̀. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó gbé bọ́ọ̀lù dé orúnkún, ó fi í sílẹ̀. Ó yí lọ.
Ó tún fi í sílẹ̀. Ó tún yí.
Wọ́n ní ẹyin lohùn;
ẹyin yìí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò fọ́, ó kàn kọ̀ láti jókòó.
Ó wá fọwọ́ gbé e kalẹ̀, jẹ́jẹ́,
síbi tó ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ nígbà kejì.

Bàálù kan ń sọ̀ kalẹ̀ lórí wa. Ó dúró kó kọjá.
Ọwọ́ rẹ̀ wọ báàgì.
Ọgọ́fà yáàdì, afẹ́fẹ́ tó tutù: mẹ́fà, ni ọkàn mi ń pariwo,
mẹ́fà, gbé e sókè, fò ó kọjá igi!
Mẹ́rin ló fà yọ.

Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin mú.
Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ èyí.
Ó fà á sẹ́yìn díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn
yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí,
bọ́ọ̀lù sì gba abẹ́ ẹ̀ka lọ, ó rẹlẹ̀,
ó ta omi sókè níbi méjì,
ó kú sétí koríko kúkúrú.

Márùn-ún ló kọ sí káàdì. Ṣẹ̀gílọlá kọ mẹ́rin.

Lọ́la, ọ̀gá kan yóò nawọ́ sẹ́yìn láì wò mí,
yóò ní, "Èwo ni ká mú?"
Màá kọ́kọ́ dákẹ́ ná.